Agbedeméjì àti Ẹnu Àwọn Ìyá Àgbà Méjì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹnu àgbàlagbà ṣe ń rùn, ẹ má bi ẹlòmíràn, ẹ bi Agbedeméjì. Iṣẹ́ eyín àfibọ̀ ló ń ṣe, nínú yàrá ìsàlẹ̀ kan tí fèrèsé rẹ̀ kò tóbi ju ìdérí ìkòkò lọ, lábẹ́ ilé oníṣègùn eyín. Ẹni tí eyín rẹ̀ bá ti ká, òun ni yóò po símẹ́ńtì funfun fún un, òun ni yóò yọ́ ìda, òun ni yóò fi bébà oníyanrìn ha eyín tuntun náà títí yóò fi máa dán bí àwo ìyàwó. Ó ti rí ẹnu tí aáyán kò jẹ́ wọ̀. Ó ti rí ẹnu bàbá kan tó jẹ́ pé bó ṣe yà á báyìí, eṣinṣin méjì tó ń fò jẹ́jẹ́ wọn já lulẹ̀, wọ́n kú. Ẹ̀kẹta nìkan ló rí fèrèsé bá jáde, òun ló sì ròyìn. Agbede kì í fọhùn. Á séèémí, á ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó dùn mọ́ ọn nínú iṣẹ́ náà ni pé, olówó ni o, tálákà ni o, òyìnbó ni o, adúláwọ̀ ni o, bí wọ́n bá ti ya ẹnu tán, òórùn kan náà ni.

Òun ló sì yẹ kó mọ̀. Òyìnbó ni bàbá rẹ̀, ó ń tún páìpù omi ṣe. Adúláwọ̀ ni ìyá rẹ̀, télọ̀ ni. Páìpù kan ló bẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, bàbá wá tún un ṣe, ó sì lo odindi ọ̀sẹ̀ kan lórí páìpù tí ọmọdé lè fi àkísà dì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ dùn sí i, lọ́tùn-ún lósì. Ilé ìyá bàbá wà lórí òkè, ilé ìyá ìyá wà nísàlẹ̀, ilé tiwọn wà láàárín, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń yí padà. Bí ọmọ náà bá ń gun òkè, àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ á ní, "Òyìnbó ń relé." Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọ òkè á ní, "Adú ń relé." Lọ́jọ́ kan ó jókòó sórí òkúta ní agbedeméjì ọ̀nà, ó ní òun ò lọ síbì kankan mọ́. Wọ́n bá sọ ọ́ ní Agbedeméjì, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Òun náà mọ orúkọ í sọ. Ìyá Ìbọ̀wọ́ ló ń pe ìyá bàbá rẹ̀, ní kọ̀rọ̀ dájúdájú. Bí ọmọ bá ti wọlé, ìbọ̀wọ́ funfun kì í kúrò lọ́wọ́ màmá náà. Ìbọ̀wọ́ ló fi ń fà á wọlé, ìbọ̀wọ́ ló fi ń gbé oúnjẹ fún un nínú àwo tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ìbọ̀wọ́ ló fi ń nu imú rẹ̀. Ọmọ náà lọ tán lọ́jọ́ kan, ó rántí fìlà rẹ̀, ó padà. Ó bá màmá nídìí ààrò. Ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ méjèèjì, ó fi ẹ̀mú mú wọn bí ẹni mú òkú eku, ó sọ wọ́n sínú omi tó ń hó. Ìbọ̀wọ́ ń yí nínú omi, wọ́n ń ju ìka sókè bí ẹni tó ń rì. Ọmọ náà kò mú fìlà mọ́. Bí àlejò bá sì bá wọn nínú ilé, màmá á rẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ bo ẹnu, torí kì í ya ẹnu rẹ́rìn-ín láéláé, á ní, "Ẹ má wò ó, ọmọ alágbàfọ̀ mi ni." Ọmọ ọmọ rẹ̀ o. Ọmọ alágbàfọ̀.

Ẹ má rò pé ìsàlẹ̀ sàn jù. Níbẹ̀, ìyá tó bí ìyá rẹ̀ á ti gbé garawa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Kì í bi í bóyá ó ti jẹun. Á gbé imú lé e lórí, á máa gbóòórùn rẹ̀ kiri bí ajá ọdẹ. "Wọ́n tún ti fi òórùn wọn ra ọ́ lára," á ní. "Òórùn ajá tí òjò pa." Ló bá di kànìnkànìn. Kànìnkànìn màmá yìí le débi pé eku kan gbé e jẹ nígbà kan, kò sì fi eyín jẹ nǹkan mìíràn mọ́ títí ó fi kú. Á bó ọmọ náà láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé etí. Nígbà tí awọ bá pọ́n tán, á fa ọwọ́ sẹ́yìn, á mí kanlẹ̀, á ní, "Funfun náà ò fẹ́ kúrò." Ìyá Kànìnkànìn nìyẹn.

Ọmọ tí wọ́n ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lókè, tí wọ́n ń fọ òun alára nísàlẹ̀, kí ni yóò rò ju pé òun gan-an ni ìdọ̀tí lọ? Ó pẹ́ tí Agbede fi gbà bẹ́ẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu kan ife tí òun bá ti mu. Nílé ìwé, ìdajì ìdí ló fi ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kó má baà fi ara kan ará ẹ̀gbẹ́. Ìgbà tó wọṣẹ́ eyín, tó ti ẹnu bọ́ sí ẹnu fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ìríra náà yí ojú padà. Ó bọ́ lára rẹ̀, ó lọ jókòó sára àwọn ìyá àgbà méjèèjì. Láti ìgbà náà, bó bá ti rántí ìkòkò tó ń hó yẹn, itọ́ kíkan á sun sí i lẹ́nu. Bó bá rí kànìnkànìn tí wọ́n so rọ̀ sílé ìwẹ̀ ẹlòmíràn, ara rẹ̀ á bù máṣọ.

Àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ sí ìlú mìíràn nígbà tó fẹ́ ọkọ, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí ohùn rẹ̀ kì í ga. Agbede lóyún. Lálẹ́ tó sọ fún ọkọ rẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ kan tì í.

"Gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá fi ìbọ̀wọ́ kan ọmọ yìí, tàbí tó gbé kànìnkànìn wá bá a, kò ní tẹ ilé yìí mọ́."

"Àgbà ni wọ́n, Agbede. Ikú ló kù tí wọ́n ń dúró dè."

"Kí wọ́n dúró dè é níta."

Oyún náà ti ga, bí ẹni gbé àgbá pamọ́ sábẹ́ aṣọ iṣẹ́, nígbà tí Ìyá Ìbọ̀wọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá ìsàlẹ̀. Eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ ti ká. Ó fi aṣọ ìnujú bo ẹnu, ó wẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìwọ nìkan ni mo fẹ́ kó wo ẹnu mi. Kì í ṣe ọ̀gá rẹ."

"Ọ̀gá ló máa ń wọn ẹnu, Màmá."

"Ìwọ ni mo sọ. Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi kọ́ ni ọ́ ni?"

Ó ku díẹ̀ kí Agbede bi í pé láti ìgbà wo. Ṣùgbọ́n nǹkan kan rọ̀ láyà rẹ̀. Ọkàn ọmọ èèyàn, òmùgọ̀ ni. Wọ́n lù ú títí, ẹnì kan kí i kú oríire, ó ti fẹ́ jó. Ó po nǹkan rírọ̀ tí wọ́n fi ń mú àwòrán ẹnu, ó kì í sínú ọpọ́n kékeré, ó tì í bọ màmá lẹ́nu. Màmá gbọ̀n, ó fẹ́ bì. Itọ́ yọ, ó ń fà bí okùn, ó gba ọrùn ọwọ́ Agbede dé ìgbúnwọ́. Agbede gbójú sókè, ó ń wo àjà kí òun náà má baà bì. Nígbà tó yọ ọpọ́n, ó tan iná sí ẹnu náà láti wo ibi tó bá bó.

Erìgì màmá dúdú.

Kì í ṣe dúdú àìsàn, kì í ṣe dúdú tábà. Agbede ń rí ìyẹn lójoojúmọ́, ó mọ̀ wọ́n. Èyí dúdú dáadáa, ó ń dán, ó tẹ́ láti igun dé igun bí aṣọ àrán, bí èyí tí Agbede fúnra rẹ̀ máa ń rí nínú dígí ní àràárọ̀. Wọ́n wo ara wọn. Màmá pa ẹnu dé bí ẹni ti ilẹ̀kùn mọ́ olè.

"Ṣe é kó dára," ó ní. "Kó bá mi mu."

"Á bá yín mu, Màmá."

Kò sọ àwọ̀ tó fẹ́ fún erìgì eyín àfibọ̀ náà. Bó bá ní kó ṣe é ní pupa, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn pé kò pupa. Agbede dá dúró nínú yàrá náà lẹ́yìn tí màmá lọ, itọ́ sì ń gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá yé e ìdí tí màmá fi ní òun nìkan ni kó wo ẹnu òun. Ó gbà pé ẹ̀jẹ̀ á bo ẹ̀jẹ̀ láṣìírí. Ẹni tó ń se ìbọ̀wọ́ nítorí ọmọ ọmọ rẹ̀, ohun tó ń sá fún wà lẹ́nu ara rẹ̀, ó ń gbé e jẹun láràárọ̀ lálaalẹ́. Ibi tó ti rọ̀ láyà Agbede tún le padà, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ló rí i pé òun náà ń fọ̀ ọ́ pẹ́ jù, ó bínú pa omi náà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá Kànìnkànìn náà dé, ariwo rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Ṣe é kó funfun bí àwo tánńganran. Mo fẹ́ eyín tí mo lè fi bú ará òkè, tí kò ní fò jáde lọ bá wọn."

Agbede tan iná sí i lẹ́nu. Erìgì tirẹ̀ pupa, ó rẹwà bí ahọ́n ọmọ ológbò.

"Kí lò ń wò tó bẹ́ẹ̀? Ṣé o sọ nǹkan nù síbẹ̀ ni?"

"Rárá, Màmá. Ẹ pa á dé."

Oníṣẹ́ ni Agbede. Ohun tó bá rí lẹ́nu ni yóò ṣe. Ó ṣe erìgì dúdú fún ìyá òkè, ó ṣe erìgì pupa fún ìyá ìsàlẹ̀, ó fi wọ́n sínú ife olómi méjì lórí pẹpẹ. Kò kọ nǹkan kan sí i lára, torí òun ló mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Ó ń ha eyín ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni ìrọbí mú un. Ọkọ rẹ̀ yí bọ́ọ̀sì padà tòun ti èrò tó kún inú rẹ̀, ó sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní obìnrin kan tó fẹ́ lọ ra bàtà ló ń di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú ọ̀nà, ọkùnrin kan sì ń pàṣẹ bí ẹni tó ti bímọ rí. Obìnrin ni wọ́n bí.

Ọ̀gá rẹ̀ ló wá kó eyín náà fáwọn tó ni ín. Ìyá òkè kọ́kọ́ dé. Ọ̀gá ṣí ife méjèèjì. Ó rí erìgì pupa, ó rí erìgì dúdú. Ó gbójú sókè, ó rí òyìnbó. Kí ni ọlọ́gbọ́n tún fẹ́ rò sí i? Ó kó pupa fún un. Nígbà tí ìyá ìsàlẹ̀ dé, dúdú ló kù. Inú ọ̀gá dùn sí làákàyè ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó ń súfèé.

"Ó ń há mi lẹ́nu," Ìyá Kànìnkànìn ní.

"Tuntun ni, Màmá. Á mọ́ yín lára."

Ìyá Ìbọ̀wọ́ ní tirẹ̀ kò ráhùn. Ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó wo dígí, ó rí pupa, ó rò pé Agbede ti mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì wá wo ọmọ. Ọkọ Agbede ló pè wọ́n, ó rò pé àlàáfíà lòun ń ṣe. Yàrá méjì ni ilé wọn, ọ̀kan ni wọ́n sì lè jókòó sí, nítorí náà àwọn ìyá àgbà méjèèjì bá ara wọn lórí àga onítìmùtìmù kan ṣoṣo, pẹ̀lú àlàfo láàárín tí màlúù lè gbà kọjá.

"Ẹ kú àtijọ́, àna mi," Ìyá Kànìnkànìn ní. "Mo rò pé ìbọ̀wọ́ ti sin yín."

"Mo rò pé garawa ti gbé yín lọ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Agbede wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ. Oníṣẹ́ kì í ṣi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀. Ó rí pupa tí kì í ṣe tòkè lẹ́nu òkè, ó rí dúdú lẹ́nu ìsàlẹ̀, bí eyín méjèèjì ṣe ń gbéra sọ bí ìdérí ìkòkò tí omi ń hó nínú rẹ̀. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Nǹkan kan gun ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wá. Kò mọ̀ bóyá èébì ni tàbí ẹ̀rín. Ó gbé e mì. Àgbà ni wọ́n, ó ní lọ́kàn. Màá yọ́ ọ sọ lẹ́yìn.

Ìyá Ìbọ̀wọ́ ló ba nǹkan jẹ́. Ó dìde, ó fa ìbọ̀wọ́ yọ nínú àpò, ó ń wọ̀ ọ́ bọ̀ lọ́nà ibùsùn ọmọ. Ìyá Kànìnkànìn kò jẹ́ kó dé ibẹ̀. Ó ti tú àpò tirẹ̀, ó gbé kànìnkànìn tuntun jáde.

"Ẹ rọra fọwọ́ kàn án," ó ní. "Bí ẹ bá ṣe tán, omi wà. Màá fọ̀ ọ́."

Ọkọ Agbede gbójú sílẹ̀. Agbede dìde dúró sáàárín wọn àti ọmọ.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ yọ eyín ẹnu yín."

"Kí lo wí?"

"Ẹ yọ ọ́, Màmá. Ọ̀gá mi pín in ṣì. Eyín Màmá òkè ló wà lẹ́nu Màmá ìsàlẹ̀. Eyín Màmá ìsàlẹ̀ ló wà lẹ́nu Màmá òkè. Ẹ ti wọ̀ ọ́ jẹun, ẹ ti wọ̀ ọ́ sùn. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè mu nínú ife kan náà."

Ìyá Kànìnkànìn kò dúró gbọ́ ìparí. Ó tu eyín náà sínú abọ́ tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ, ó ń bì gbíì gbíì, ó ń fi ìbòrí nu ahọ́n, ó tutọ́ tó lè bomi rin oko. "Ẹ̀gbin rèé," ó ń sọ. "Itọ́ ta ni mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí?"  Lójijì ló wo eyín inú abọ́. Ó wo àna rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Dúró ná. Kí ló dé tó fi jẹ́ èyí tó dúdú ni tirẹ̀?"

 Ìyá Ìbọ̀wọ́ ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Agbede lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń wo màmá náà, ó fẹ́ kó jáde láti ẹnu tó ni ín.

"Ìyá tó bí mi dúdú," Ìyá Ìbọ̀wọ́ ní lẹ́yìn ìka. "Mo jọ bàbá mi. Nígbà tí mo lọ́kọ, ẹ̀yìnkùlé ni ìyá mi ń gbà wọlé. Ó ń lọ aṣọ fún mi níbẹ̀. Mo ń sọ fún àlejò pé alágbàfọ̀ mi ni. Òun náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni alágbàfọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú."

Agbede jókòó. Ó ti rò pé òun mọ ibi tí ìríra mọ, àṣé kò tíì dé ìsàlẹ̀ kànga. Ní gbogbo ìgbà tó ń jẹ́ ọmọ alágbàfọ̀ nínú ilé yẹn, ipò ìyá tó ti kú yẹn ni wọ́n fi í sí. Ó dìde, ó gbé eyín dúdú, ó fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó nà án sí màmá.

"Tiyín nìyí. Ó bá yín mu. Ẹ bọ́ tọ̀hún."

Ìyá Ìbọ̀wọ́ mi orí pé rárá.

"Màmá, ẹnu yín ń ṣẹ̀jẹ̀."

"Ó ti mọ́ mi lára."

"Eyín mi ni," Ìyá Kànìnkànìn ní. "Yọ eyín mi lẹ́nu rẹ, ìwọ obìnrin yìí. Ṣebí o máa ń rí mi sá? Itọ́ mi ló wà níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbọ̀wọ́ ti gbá àpò mọ́ra. Ó yàn láti gbé itọ́ àna rẹ̀ kiri, kí erìgì òun má baà jọ ti ìyá òun. Ọkọ Agbede ṣí ilẹ̀kùn fún un torí ó mọ ìwà. Kò wo ibùsùn ọmọ, kò dágbére. Wọ́n ń gbọ́ bí eyín eléyín ṣe ń lu ara wọn kọ̀ kọ̀ kọ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó lọ bẹ́ẹ̀ kò sì tún padà wá.

Agbede da eyín dúdú sínú pàǹtírí. Ìyá Kànìnkànìn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, ẹnu òfìfo, ó ń gbá itan.

"Adú ni," ó ní. "Adú ni láti ọjọ́ yìí, ó wá ń fi ìbọ̀wọ́ gbé ọmọ mi. Ẹ gbà mí. Màá sọ fún gbogbo àdúgbò." Ó nu omijé, ó sún mọ́ ibùsùn, ó na ìka kan jáde. "Jẹ́ kí n yọjú wo erìgì èyí náà. Jẹ́ ká mọ ibi tó fì sí."

Agbede gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò rọra mú un.

"Kò sẹ́ni tó máa ya ẹnu ọmọ yìí wò, Màmá. Kò sẹ́ni tó máa yẹ ẹ́ wò, ìbáà ṣe ẹnu, ìbáà ṣe etí, ìbáà ṣe ìdí. Bí ẹ kò bá lè gbé e láìwò, ẹ̀yin náà ẹ mọ ilẹ̀kùn."

Màmá wò ó. Ó fẹ́ bú u, ó tún un rò. Àgbà tó ti bì tán níwájú ọmọ ọmọ, tí kò léyín lẹ́nu, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó padà lọ jókòó, ó tẹ́ itan.

"Ó dáa. Mo ti pa ojú dé."

Lóòótọ́ ló pa á dé, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń gba òjò. Ìríra náà kò tíì kúrò lára Agbede.  Nígbà tó yá, ó gbé ọmọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí itan màmá, ó sì fi ọwọ́ kan sábẹ́ orí rẹ̀, kò gbé e kúrò. Ọmọ náà rún ara. Ó yán, ó ya ẹnu gbàgà.

 Ojú ọ̀tún Ìyá Kànìnkànìn là díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọn kò tì dáadáa. Agbede rí i. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú náà, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ọmọ fi sùn.